Màmá Alákàrà Ń Bo Àkàrà Wọn Tí Mo Bá Ti Dé

Màmá kan wà lójú ọ̀nà Ìyìn níbí ní Adó-Èkìtì tó máa ń dín àkàrà láàárọ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn kí n tó kọrí sí Ìgèdè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí wọ́n bá ti gbúròó mọ́tò mi lókèèrè báyìí, wọ́n á nawọ́ mú ọ̀rá funfun kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á fà á bo àwo àkàrà. Tí mo bá ra tèmi tán tí mo ń lọ, mo máa ń wò wọ́n nínú dígí, wọ́n á dúró díẹ̀ kí èéfín mọ́tò mi ká kúrò ńlẹ̀, wọ́n á wá ṣí i padà. Wọn ò bú mi o, wọn ò sì bojú jẹ́. Ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí mi náà ni wọ́n ń rín, "Tíṣà wa, káàárọ̀ o, ṣé ti ojoojúmọ́ náà ni?"

Ká ní wọ́n sọ̀rọ̀ ni, mi ò bá ti wá àwíjàre. Mo mọ ara mi, mo máa ní epo tí mo rà lánàá ló dọ̀tí, mo máa ní ojú ọjọ́ ló tutù. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ẹnìkan fà bo oúnjẹ ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi dá a lóhùn? Mo ń rò ó lójú ọ̀nà, mo dé kíláàsì mo ṣì ń rò ó, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí mo fi gbé e sọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé èmi tí mo wà nínú mọ́tò, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

"Ẹ lọ ra Belgium"

Mọ́tò náà kì í ṣe ọmọdé. 1999 ni wọ́n ṣe é, tòkunbọ̀ ni mo rà á ní 2011, mánúà ni, ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́nu mẹ́rin. Òun ló gbé ọmọ mi méjèèjì láti ọsibítù wálé. Mi ò lè máa sọ ọ́ bíi pé irin lásán ni.

Láti bí ọdún kan ló ti ń ṣàìsàn. Tí mo bá kọ́kọ́ sitáàtì ẹ̀ láàárọ̀, èéfín búlúù á rú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á wá dínkù. Tó bá dúró sójú kan, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò lágbára òkè mọ́, bẹ́ẹ̀ Èkìtì la wà, ibo lèèyàn fẹ́ gbà tí kò ní gun òkè? Ọ́ìlì ń dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀ ibi tí mo ń páàkì sí sì gbẹ táútáú, kò jò, ó kàn ń jẹ ẹ́ ni. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn títí ojú mi ò fi rí i mọ́.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe nígbà yẹn, ọmọ dáadáa ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ò ju pé ó ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó ní afẹ́fẹ́ ń ti òun lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, kọ̀npírẹ́ṣọ̀n ti lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ lọ ra Belgium." Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kọ̀npírẹ́ṣọ̀n tó ń wí yẹn ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú.

Mo lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta Belgium, ó ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, kò sẹ́ni tí mo nílò láti ṣàlàyé fún nípa ohun tí owó oṣù ti dà. Ohun tó tún wá ń kọ mí lóminú ni pé Belgium yẹn gan-an, àlòkù ni, wọ́n tú u lára mọ́tò tí ẹlòmíì ti lò gbó níbòmíì. Ta ló wọn kọ̀npírẹ́ṣọ̀n tiẹ̀? Èèyàn á wá san owó oṣù mẹ́ta láti fi àìsàn tó mọ̀ pààrọ̀ èyí tí kò mọ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òsìkà. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn. Wọ́n ti dá ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́jọ́ ikú, òun alára ò sì tíì rojọ́ tiẹ̀.

Ìgbà tó o ń gòkè ni àbí ìgbà tó o sọ̀?

Ọjọ́ Sátidé kan la lọ ṣe ìnáwó àwọn àna mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n jókòó sí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ ṣe jáde tí òkè ò ní sí níbẹ̀. Nígbà tá à ń padà bọ̀, mo kó ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo fi gíà dá mọ́tò dúró díẹ̀díẹ̀ bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo délẹ̀, mo tẹ iná. Kò pẹ́ ni àbúrò ìyàwó mi tó ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ná fún mi, ó ń fọn fèrè, ó sọ̀ sílẹ̀ ó sáré wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mọ́tò yín ti gbiná ni! Mi ò rí iwájú mọ́!"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Aramọkọ.

Àbúrò yìí náà ló wá júwe Bàbá kan fún mi, mẹ́káníìkì àgbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún wọn, bó ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe ń jẹ ọ́ìlì, bó ṣe ṣe mí lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n béèrè ìbéèrè kan péré: "Èéfín tó pọ̀ yẹn, ìgbà tó o ń gòkè ni àbí ìgbà tó o sọ̀ tán?"

Mo ní ìgbà tí mo sọ̀ délẹ̀ tí mo tẹ iná ni. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n.

Kò sẹ́ni tó ti bi mí rí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Tí èèyàn bá ń sọ̀ lórí òkè tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà ọ̀fun tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ti pa dé, ẹ́ńjìnnì á wá máa fa nǹkan mu kíkankíkan. Tí àwọn síìlì rọ́bà kéékèèké tó wà lọ́rùn fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, bá ti gbó tí wọ́n ti le gbagidi, ọ́ìlì tó wà lókè lóhùn-ún ló máa fà gba ibẹ̀ wọlé, á máa kóra jọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá wá délẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ iná ló máa jó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àárọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, mọ́jú lọ́ìlì ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́rùn fáàfù kan náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ríìngì, irin róbótó tó yí písítìnnì ká, ló gbó, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn ló sábà máa ń rú jù.

Bàbá ò tíì sọ pé ohun báyìí ni o. Wọ́n ní, "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ká kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́." Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kí bátìrì mi sì lágbára.

Ihò pílọ́ọ̀gì mẹ́rin

Ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn ni mo fẹ́ sọ gan-an.

Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù fi yí, kó gbóná dáadáa kọ́kọ́ ná, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tó tutù máa ń parọ́. Wọ́n wá pa á. Wọ́n yọ fíúsì tó ń gbé epo, wọ́n tú wáyà tó ń gbé iná lọ sí pílọ́ọ̀gì, wọ́n tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ kan bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹ́ta gbẹ, wọ́n kàn dúdú létí díẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tutù rinrin. Bàbá gbé e sún mọ́ mi nímú, epo ló ń rùn, epo tútù tí kò jó. Mo ti ń ra epo yẹn látọdún tó kọjá, ihò kan (sìlíńdà) nínú mẹ́rin ń tú u dà sí títì.

Wọ́n wá mú géèjì tí wọ́n fi ń wọn kọ̀npírẹ́ṣọ̀n jáde, inú àkísà ni wọ́n wé e sí bí ẹni tó wé ọmọ tuntun. Wọ́n yí i mọ́ ihò àkọ́kọ́. "Tíṣà, bọ́ sínú mọ́tò. Tẹ iná délẹ̀, má gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yá, kí i."

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní pílọ́ọ̀gì nínú, ohùn ẹ̀ yàtọ̀, fùkẹ̀-fùkẹ̀-fùkẹ̀, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Bónẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kí n rí géèjì, mo kàn ń wo ojú Bàbá. Ó tó bí ẹ̀ẹ̀mẹfà tó mí kí wọ́n tó gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Wọ́n mú ẹfun nínú àpò wọn (inú mi dùn sí ẹfun yẹn, mi ò purọ́), wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì: 150, psi ni géèjì yẹn fi ń kà á. Wọ́n lọ sí ìkejì: 145. Ìkẹta: ó dákẹ́ pẹ́, mo rí i tí wọ́n gbé orí sún mọ́ ọn, wọ́n ní kí n tún kí i. 90. Ìkẹrin: 150.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àfi lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́rin ni wọ́n dojú bolẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì mi láti bí ọdún kan, gbogbo wọn la ti ń fẹ́ sin pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré ni inú ń run. Ìwé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò sọ pé èyí tó kéré jù ò gbọdọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó pọ̀ jù. Mẹ́ta nínú mẹ́rin 150, ẹ ṣe é wò, 112 àtààbọ̀ ni. 90 ti jìnnà síbẹ̀. Bàbá tún sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́ rí, wọ́n ní 150 tí mo rí yẹn, ká ní Èkó la ti wọ̀n ọ́n ni, ó máa lé díẹ̀, torí pé Adó fi ohun tó lé ní 400 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fún pọ̀ níbí fẹ́lẹ́ ju ti etí òkun. Nítorí náà ẹni tó bá ka nọ́ńbà Èkó lé ẹ́ńjìnnì Èkìtì lórí ti ṣì í jẹ.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Kí ló dé tí ìkẹta fi jẹ́ 90? Àbọ̀ owó ẹ̀ wà nínú ìdáhùn yẹn. Tó bá jẹ́ ríìngì, wọ́n máa já gbogbo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè níbi tí fáàfù wà, orí ẹ́ńjìnnì nìkan la máa ṣí.

Bàbá fi síríńjì fa ọ́ìlì díẹ̀, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, wọ́n tú u sínú ihò kẹta. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ríìngì, ọ́ìlì yẹn máa dí àlàfo tó wà láàárín ríìngì àti ògiri fún ìgbà díẹ̀, abẹ́rẹ́ máa fò sókè. Tó bá jẹ́ fáàfù, ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ò lè dí ihò tó wà lókè, abẹ́rẹ́ ò ní kúrò lójú kan. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé tí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ohun ayọ̀ ló máa jẹ́, ṣé ẹ rí i, ó jọ pé nǹkan tó gòkè ló yẹ kó dáa. Àdúrà tí mo wá ń gbà nígbà yẹn ni kó má mira.

Mo kí i. Fùkẹ̀-fùkẹ̀-fùkẹ̀. Ojú Bàbá ò yí padà. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Fùkẹ̀-fùkẹ̀-fùkẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 90 yẹn: 95. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, mọ́tò ẹ ò kú. Orí ló ń fọ́ ọ."

Wọn ò fẹ́ fi ìyẹn mọ. Fọkanáísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní kó na ọ̀pá afẹ́fẹ́ ẹ̀ wá. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnnì kẹta fi dé òkè pátápátá, tí fáàfù méjèèjì pa dé, wọ́n fi gíà sí i, wọ́n fa háńdìbíréèkì, wọ́n wá ti afẹ́fẹ́ wọ ihò yẹn. Wọ́n fi etí sí ibi tá à ń da ọ́ìlì sí, kò sí ariwo tó ju ti ẹ́ńjìnnì àgbà lọ. Wọ́n ṣí rédíétọ̀, omi ò hó. Wọ́n gbọ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó dákẹ́. Wọ́n ní, "Lọ gbétí sẹ́nu sàláńsà."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò mi, mo gbé etí síbẹ̀. Ṣììììì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì sínú níwájú lóhùn-ún ló ń jáde sí mi létí. Fáàfù tó ń tú èéfín síta, ti ìkẹta, kò pa dé mọ́.

Ọdún tí mo ti ní mọ́tò yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Ẹnu sàláńsà náà wà lọ́gangan ojú mi. Mo wo ibi tó ga mọ, kò ju orúnkún lọ. Bí àpótí tí Màmá Alákàrà jókòó lé ṣe ga náà nìyẹn. Bí orí ọmọ tó ń rákòrò ṣe ga nìyẹn. Mi ò dìde kíá.

Fáàfù tí kò rójú jókòó

Nígbà tí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé fáàfù yẹn lé mi lọ́wọ́. Etí ẹ̀ ti jẹ níbì kan bí etí àwo tangaran tó ti kán. Ohun tó fà á, wọ́n fi hàn mí. Àlàfo kékeré kan ló yẹ kó wà láàárín fáàfù àti ohun tó ń tẹ̀ ẹ́, nínú irú ẹ́ńjìnnì tèmi yìí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè, torí bí fáàfù ṣe ń jẹ wọnú ibùjókòó ẹ̀ ni àlàfo náà ń tán. Fáàfù tó ń tú èéfín, inú iná ló ń gbé, àsìkò tó bá fi ìdí lélẹ̀ ló ń rí ibi gbé ooru ẹ̀ sí. Tí kò bá rójú jókòó dáadáa, ooru yẹn ò ní ríbi lọ, á jó o létí. Láti 2011, kò sẹ́ni tó wọn àlàfo yẹn. Èmi náà ò béèrè.

Wọ́n tún rí nǹkan míì. Ẹnìkan ti yọ tamositáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọ nù, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀. Bàbá bínú sí ìyẹn ju fáàfù lọ. Bí oòrùn Èkìtì ṣe wù kó mú tó, ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ooru tó tó bí ìwọ̀n 90 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tí tamositáàtì ò bá sí, omi á máa yí kiri látàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo kún epo, epo yẹn á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ríìngì á wá máa ha irin gbígbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tí wọ́n bá ti yọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà.

Wọ́n pààrọ̀ fáàfù kẹta, wọ́n lọ àwọn yòókù kí wọ́n lè jókòó pé, gbogbo síìlì di tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, tamositáàtì tuntun. Bí wọ́n ṣe dè é tán, wọ́n tún mú géèjì jáde, ìkẹta kà 148. Gbogbo owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó Belgium.

Ta ló ń fà á símú?

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ìjọba kúkú fòfin de gbogbo mọ́tò àgbà. Mi ò fara mọ́ ọn. Àjọ UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìwádìí kan jáde ní 2020, wọ́n ní mílíọ̀nù 14 mọ́tò kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó ránṣẹ́ kárí ayé láàárín 2015 sí 2018, Áfíríkà ló gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ohun tí àwọn ará ibòmíì lò kù la fi ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé, òun la fi ń kó iṣu láti oko. Tẹ́ ẹ bá ní ká gbé gbogbo ẹ̀ jù nù lọ́la, ẹsẹ̀ la máa fi rìn láti Ìkọ̀lé dé Adó.

Ṣùgbọ́n mi ò tún lè fara mọ́ èyí tá à ń ṣe báyìí, pé tó bá ṣáà ti ń lọ, kó máa lọ. Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí èéfín mọ́tò ti wà láti 2011, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò yìí, Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n lọ gbétí sẹ́nu sàláńsà. A mọ iye tí epo jẹ́ lójúmọ́, a mọ iye máìlì tí táyà ti rìn, èyí tó ń jáde lẹ́yìn wa ni a ò mọ̀, torí kì í ṣe àwa ló ń fà á símú. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn ló ń fà á. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ Ìyìn, tó jẹ́ pé ibi tí mọ́tò ti ń tẹ iná jù náà ni àwọn ń mí jù, àwọn ló ń fà á. Ìyá tó jókòó síwájú agbada láti aago mẹ́fà, tó ń fa ti iná ara ẹ̀ mọ́ tiwa.

Géèjì yẹn kì í ṣe ohun olówó ńlá. Ó wù mí kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì ní Èkìtì ní ẹyọ kan, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún olówó ẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó kú lóòótọ́. Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kà 80 tí ọ́ìlì sì gbé gbogbo wọn sókè, mi ò bá gbà, mi ò bá wá owó kiri. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i.

Ibi tí wọ́n ti gé e

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò sókè láti tú sàláńsà, Bàbá pè mí wá sábẹ́ ẹ̀. Ibi tó yẹ kí kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde, wà, páìpù gbọọrọ kan ni wọ́n jó mọ́ ibẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gé e, ó lè jẹ́ kí n tó rà á, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi mọ́tò sílẹ̀ níbì kan tí mo lọ jẹun. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn tó ń ra irin fi ń wá a kiri. Wọ́n á sì sọ fún ẹni tó ni mọ́tò pé ó ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́nà ọ̀fun. Ó máa ń dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì àti epo tí kò jó tí a ń tì sí i ló ń dí i, ó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí fáàfù àti ríìngì dá.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mú carbon monoxide kó sọ ọ́ di carbon dioxide, kó jó epo tó ṣẹ́kù tán, kó tú nitrogen oxide padà sí nitrogen tó wà nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí. Carbon monoxide yìí náà ló ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sùn sínú ilé. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ara ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ níbi tó yẹ kí ọ́síjìn wà. Ní gbangba ojú títì ó máa ń fẹ́ lọ, kò rí bíi ti inú yàrá, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Bàbá ní ká ṣe ẹ́ńjìnnì ná, torí pé kátálísì tuntun tí a bá fi sẹ́yìn fáàfù tó ti jó, kò ní pẹ́ tó fi máa yọ́. Ẹ́ńjìnnì ti dáa báyìí, mo ti ń tọ́jú owó kátálísì pamọ́ lóṣooṣù, kò tíì pé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo gba ọ̀dọ̀ Màmá Alákàrà kọjá lẹ́yìn tí Bàbá parí iṣẹ́, wọn ò fa ọ̀rá. Mo dé, mo dúró, ọ̀rá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Tíṣà wa, o ti ra mọ́tò míì?" Mo ní rárá mà, mo tún un ṣe ni. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n fi àkàrà méjì lé e. Mo wọ mọ́tò, inú mi dùn dé ibi táwọn ọmọ ti ń sọdá, ibẹ̀ ni mo ti rántí páìpù gbọọrọ tó wà lábẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣì máa bò ó mà, pé nǹkan kan ṣì ń jáde níbẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n wò mí.

"Tíṣà, èéfín dà?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ níwájú wọn, wọ́n sì ti gbà pé mo dáa. Igi máńgòrò kan wà níwájú díẹ̀ sí ibi tí wọ́n jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń rọra kọjá wọn, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì sábẹ́ igi yẹn, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn padà wá ra àkàrà mi.